Àfojúsùn Kẹrin

Pẹ́ńsùlù ni mo mú dání, mi ò mú bírò.
Ọ̀gá ní kí n rìn ká ọgbà yunifásítì,
kí n wo ibi tí Ètò Ọlọ́dún Márùn-ún dé.
Ọdún kẹta rèé tí Gíwá ti kà á fáyé gbọ́ lábẹ́ àtíbàbà,
tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ń ṣí ewé ìwé mọ́ ọn lọ́wọ́
bí ẹni tó fẹ́ mọ ìparí rẹ̀ ṣáájú.

Wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.
Èmi Sùwébátù, akọ̀wé kékeré ní ọ́fíìsì ètò,
inú kíkà ni owó oṣù mi wà.

Ọ̀kẹ́ kan ìwé la pinnu fún ilé ìkàwé.
Mo kà á dé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ó lé méjìlá,
mo ka èyí tí òjò Agẹmọ rọ̀ sí mọ́ ọn,
tí ewé wọn lẹ̀ mọ́ra bí tọkọtaya
tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìjà.
Bàbá Ọlọ́rundá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní kí n ka àwọn tó wà lọ́nà.
"Níbo lọ́nà, Bàbá?"
"Àpápá."
Ọdún méjì ni wọ́n ti wà ní Àpápá.
Mo kọ ọ́: wọ́n ń bọ̀.

Òpó íńtánẹ́ẹ̀tì ga, ó dúró gbọn-in,
lékeléke mẹ́ta ló ń gbé orí rẹ̀.
Mi ò mọ ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni lékeléke.

Ẹ má rò pé mo ń ṣẹ̀fẹ̀. Ibi tó yẹ ká yìn, mo yìn ín:
yàrá àyẹ̀wò omi ti ń ṣiṣẹ́.
Dókítà Ọnàfọwọ́kàn gbé ìgò omi ọ̀sà sókè sí ìmọ́lẹ̀,
ó ní iyọ̀ ń gòkè bọ̀ láti òkun,
ó mọ oṣù tó dé, ó mọ ìwọ̀n rẹ̀.
Àwọn apẹja ti fi ahọ́n mọ̀ ọ́n tipẹ́,
ṣùgbọ́n ahọ́n kì í wọ ìwé ìròyìn.

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà,
bí ọ̀gá wa ṣe máa ń wí nípàdé nìyẹn.
Kò sẹ́ni tó bi ẹlẹ́dẹ̀ bóyá imú ń dùn ún.

Àfojúsùn Kẹrin:
kí ọgọ́ta ọmọbìnrin láti abúlé etí ọ̀sà
wọlé kí ọdún márùn-ún tó pé.
Mẹ́rin ni mo rí.
Mo tún un kà. Mẹ́rin.
Ọ̀kan ti lọ bímọ, ó ní òun ń padà bọ̀.

Mo bá Múìnátù ní èbúté, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán.
Òdì kejì ọ̀sà ló ti tukọ̀ wá.
Ó bẹ́ sómi dé orúnkún, ó so ọkọ̀ mọ́ òpó,
bàtà rẹ̀ wà nínú ọ̀rá, ó fi kọ́ ọrùn,
òórùn ọbọ̀kún wà lára ìwé ìṣirò rẹ̀.
Mo ní, kí ni kí n kọ nípa rẹ?
Ó ní, "Àǹtí, ẹ kọ ọ́ pé èbúté ò ní àtẹ̀gùn."

Fọ́ọ̀mù ò ní àyè fún àtẹ̀gùn.
Àpótí mẹ́ta ló ní:
ó ti parí, ó ń lọ lọ́wọ́, a kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá ní kí n máàkì "ó ń lọ lọ́wọ́".
Òótọ́ ni. Mo rí i tó ń lọ.
Mo rí àjẹ̀ tó ń ti omi sẹ́yìn
kí ọkọ̀ lè rọ́nà síwájú.

Mo máàkì í. Mo wá kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, lẹ́tà wínníwínní:
Àtẹ̀gùn onípákó, ìgbésẹ̀ méje.
Káfíńtà wà ní Ayétòrò.
Owó rẹ̀ ò tó ti àtíbàbà ọjọ́sí.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ wá bírò, mo fi tẹ̀ ẹ́ lé.
Kí wọ́n fi írésà pa á o,
bí írésà bá ń pa bírò.